Yàrá Káàdì Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Onírun

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá sídìí òwò tuntun mi, orúnkún ló ń dùn ún. Mo ti tẹ ìwé pélébé tó rẹwà, mo kọ TAROT gàdàgbà sórí rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà Mile One ní Pọtakọ́tù, mo ń pín in fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọkùnrin kan gba tirẹ̀, ó kà á títí, ó wá bi mí bóyá oníhóró ni Tarot yìí àbí olómi, àti pé ṣé kóun lò ó kóun tó jẹun ni àbí tóun bá jẹun tán. Mo ṣàlàyé fún un pé káàdì ni, káàdì aláwòrán, tí mo máa ń tẹ́ sílẹ̀ láti fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ nípa bí ayé rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó dá ìwé mi padà fún mi jẹ́jẹ́, ó sì fọwọ́ nu ṣòkòtò rẹ̀. Ìyókù ìwé yẹn pọ̀ débi pé òun ni mo fi tẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Mákẹ́tà báńkì ni mí kí n tó di oníkáàdì, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ń wọ̀ ní síkẹ́ẹ̀tì àti bàtà gogoro, tí wọ́n á ní kí wọ́n máa wá olówó kiri ìgboro Pọtakọ́tù. Nígbà tí àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara wọn mì, wọ́n gbé tiwa náà mì, wọ́n sì tu èmi síta bí egungun ẹja. Ebi ò pa wá o. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo tó wà ní Alesa. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń wá gbé e ní Rumuokwurushi níbi tí à ń gbé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ní kí obìnrin tó ti ń fi ẹnu rẹ̀ jẹun láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé wá jókòó sílé kó máa wo ògiri. Ẹnu ń yún mi.

Obìnrin ará Íńdíà kan, oníbàárà mi ní báńkì, ló kọ́ mi ní káàdì wíwò. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ epo, òun nìkan ló máa ń wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí mo bá sì gbé ìwé lọ kó wá fọwọ́ sí i, tipátipá ni yóò fi mú mi jókòó mu tíì. Bó ṣe ń da tíì ló ń da káàdì. Nígbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn, ó kó gbogbo káàdì náà fún mi pẹ̀lú ìwé kékeré tó ṣàlàyé wọn, ó ní mo ní ojú tó ń rí inú èèyàn. Òótọ́ ló sọ. Mákẹ́tà tí kò bá lè wo ojú èèyàn kó mọ ẹni tó lówó àti ẹni tó kàn wọ aago ńlá, kò ní pẹ́ tí yóò fi gba ilé lọ.

Ẹ máa bi mí bóyá mo gbà á gbọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá gbé àwòrán síwájú èèyàn, tẹ́ ẹ wá dákẹ́, ẹnu rẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ fi ṣòwò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà má yẹ òun wò, pé ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa òun ti tó.

Lẹ́yìn tí ìwé pélébé já mi kulẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ onírun mi lọ. Ọmọ Ìkwéré ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Mile One, òun ló ń ṣe irun mi láti ìgbà báńkì. Obìnrin yìí láwàdà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó ní yàrá kótópó kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ń kó irun àtọwọ́dá àti agolo ìpara sí, ó ní kí n máa lò ó. Ohun kan ṣoṣo ló bá mi dì. Ó ní, "Madam, nobody go commot my shop with bush for head." Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wá wo káàdì lọ́dọ̀ mi gbọ́dọ̀ ṣe irun lọ́dọ̀ òun.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí i pé ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Ní báńkì, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa ń so ọjà méjì pọ̀. Obìnrin tó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ ṣe irun, tó sì dé tòun ti irun tó ń dán, ọkọ wo ló máa bi í léèrè ibi tó ti wá? Mo da orúkọ ìsọkúsọ tí mo kọ sórí ìwé pélébé nù. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì, kó ṣáà sọ fún onírun pé òun fẹ́ kí wọ́n fọ orí òun dé inú. Wọ́n á fọ irun rẹ̀, wọ́n á dì í, wọ́n á wá tì í sí yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ èmi tí mo ń fọ inú.

Àwọn èèyàn wa ni mo ń wá, àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé dé Pọtakọ́tù: òṣìṣẹ́ báńkì, òṣìṣẹ́ epo, ìyàwó ọlọ́pàá, ìyàwó ṣọ́jà. Kìrìsìtẹ́nì ni gbogbo wọn, bí èmi náà ṣe jẹ́ ẹ. Wọ́n á gun ọ̀kadà wá, wọ́n á fi gíláàsì dúdú bojú bí ẹni tó gbé ẹrù tí òfin kà léèwọ̀ dání. Tó bá di Sunday, nínú ìsìn Yorùbá ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ó máa kí ara wa bí ẹni tí kò rí ara wa láti Sunday tó kọjá. Ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Òwò náà ń wọ́ nílẹ̀.

Ẹni tó gbà mí ni pásítọ̀ wa. Ó dé etígbọ̀ọ́ wọn, wọ́n sì bínú. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n fi odidi ìwàásù bú àwọn tó ń fi káàdì aláwòrán wo ọjọ́ iwájú, àti pé kí ọ̀rọ̀ lè yé ìjọ, wọ́n sọ àdúgbò, wọ́n sọ pé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onírun ni, wọ́n tún sọ àwọ̀ tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn. Mo tẹ orí ba, mo ń ṣe àmín. Lọ́jọ́ Monday, a ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tí àwọn obìnrin ti tò síta. Wọn ò kúkú mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ni. Lónìí tí àwọn ọmọdé ń polówó irú iṣẹ́ yìí lórí fóònù tọ̀sán-tòru, mo máa ń sọ fún wọn pé wọn ò tíì rí ìpolówó. Kí wọ́n wá ẹni tó máa bú wọn lórí àga ìwàásù.

Báyìí ni iyọ̀ ṣe wọ ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àwọn èèyàn wa le. Ará Íńdíà yẹn ti kọ́ mi pé ẹni tó bá wá yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀, káàdì yóò wá dá a lóhùn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Íńdíà. Ọmọ Yorùbá jókòó síwájú mi, ó ká apá mọ́ àyà, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń wò mí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ mọ̀. Ó ní ṣé èmi tí mo ń wo nǹkan ni mo ń bi òun. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹni tó bá lọ ṣàyẹ̀wò nílẹ̀ wa kì í sọ ohun tó gbé e wá. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé onírọ́ ni. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kàwé tó, tó bá ti jókòó sórí àga yẹn, ó ti di ọmọ baba rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Pákó ni ògiri tó wà láàárín èmi àti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ẹnu obìnrin máa ń ṣe bí orí rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ onírun. Kí wọ́n tó jókòó síwájú mi, mo ti gbọ́ ìjà àbúrò ọkọ, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́, mo ti mọ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Etí mi ò di, n kò sì ní torí pé mò ń ṣòwò kí n fi òwú dí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà ni mo ń kó fún wọn padà, mo kàn ń fi àwòrán tó dára gbé e ni, wọ́n á sì máa mi orí pé ojú mi kò kéré.

Àwọn káàdì kan wá burú. Ọ̀kan wà tó jẹ́ egungun òkú ló gun ẹṣin funfun. Ìwé kékeré yẹn ní kì í ṣe ikú, ó ní àyípadà ni. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ìyàwó ọlọ́pàá. Ìyàwó ọlọ́pàá kan rí egungun yẹn, kò dúró gbọ́ àlàyé, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan, onírun ló sáré mú bàtà kejì tẹ̀ lé e dé títì. Nígbà tí mo délé, mo yọ egungun kúrò, mo yọ èṣù kúrò, mo yọ ilé gíga tó ń wó kúrò. Ó ṣẹ́ ku kìkì ohun tó dára.

Ẹ̀yin náà á rò pé wọ́n á dúpẹ́. Rárá. Wọn ò padà wá mọ́. Ìyáàfin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló là mí lóye. Mo ti sọ fún un pé ọ̀nà rẹ̀ mọ́, pé ayọ̀ ń bọ̀, pé ara ọmọ rẹ̀ á le. Ó ní gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe òun? Mo ní n ò rí ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ aláìláta síwájú rẹ̀. Ó ní ṣé bóun ṣe wà yìí, lórí ipò tóun wà yìí, kò sẹ́ni tó ń bínú òun?

Mo wá ọ̀tá fún wọn. Káàdì kan wà, obìnrin kan jókòó sórí àga ọba, ó gbé idà dání, kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwé ní obìnrin tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ni, pé olótìítọ́ ni. Ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ di Obìnrin Onídà. Mo mọ bí mo ṣe ń to káàdì tí yóò fi jáde. Tó bá ti jáde, mo máa ń sọ pé obìnrin kan wà tí inú rẹ̀ ò dùn sí yín, ṣùgbọ́n kò lágbára lórí yín. N kì í sọ àwọ̀ rẹ̀, n kì í sọ gíga rẹ̀. Inú wọn á dùn, nítorí pé oníkálukú ti ní obìnrin tirẹ̀ lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀tá kan náà ni mo fún gbogbo Yorùbá Pọtakọ́tù, ọwọ́ kan sì ni gbogbo wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀.

Àfi ìgbà tí ìyàwó ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan dé. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, Àǹtí ló ń pè mí. Ó ti pẹ́ kó tó rí ọmọ bí, nígbà tó sì bí i, ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti bá a tọ́ ọmọ tuntun, ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní ọ̀múgwọ́. Ọmọ ti ń rákò báyìí, màmá kò tíì lọ. Ọmọ ń ké lóru. Wọ́n ṣe ìgbéga fún àwọn èèyàn ní ibi iṣẹ́ ọkọ, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Màmá náà sì máa ń dá sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì, ohùn wọn á lọ sílẹ̀, ẹni tó bá wọlé bá wọn, wọ́n á dákẹ́. Gbogbo èyí ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn pákó. Lọ́jọ́ tí mo wá yọ Obìnrin Onídà síta, ọmọbìnrin yìí mú káàdì náà kúrò nílẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo imú rẹ̀. Màmá nìyí."

Mo ní imú pọ̀ láyé. Kò gbọ́. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ àdúrà òun ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé àjẹ́ ni ìyá náà, pé wọ́n fẹ́ gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà lọ́jọ́ Saturday kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Ọkọ òun kò fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ó ti sọ pé bí ẹlòmíràn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ àdúrà bá rí ohun kan náà, òun ò ní dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Ẹlòmíràn yẹn ni mí. Ó ní kí n ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbé arúgbó gun òkè, wọ́n á pariwo àjẹ́ lé wọn lórí lójú ọmọ tí wọ́n fi ọmú bọ́, kò sì sí ibi tí orúkọ yẹn ò ní bá wọn dé títí wọ́n á fi wọ ilẹ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọbìnrin yìí á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní títì kejì tó máa rí i fún un ní kíá. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo pa irọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu ara mi: mo ní káàdì kì í jẹ́rìí lé ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kàn án, pé kó mú màmá wá lọ́jọ́ Thursday, kó ní kí wọ́n wá ṣe irun.

Wọ́n wá. Obìnrin kékeré kan báyìí, ìró wọn mọ́, gèlè wọn wà létòlétò, wọ́n ń kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọn ò tilẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Onírun, tí òun náà ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, rọra ya irun funfun yẹn, ó di ṣùkú fún wọn tó rẹwà. Ìyàwó ọmọ ń fò sókè fò sílẹ̀. Mo ṣẹ́jú sí onírun, ó da omi sí i lórí, ó tì í sábẹ́ dráyà, ó sì yí i sókè títí ó fi ń ké gbùùù. Ọmọbìnrin náà ń rí wa, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo mú màmá wọ yàrá ẹ̀yìn.

Wọ́n jókòó, wọ́n wo àwọn àwòrán tí mo tẹ́ sílẹ̀, wọ́n bi mí bóyá títà ni mò ń tà wọ́n. Mo ní rárá, Mà, òun ni mo fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, pé tí ọ̀rọ̀ kan bá ń dà wọ́n láàmú, ó lè là wọ́n lóye. Mo ń retí kí wọ́n ká apá mọ́ àyà. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n sún àga wọn mọ́ tábìlì. Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tó jókòó síwájú mi ní yàrá yẹn, àwọn nìkan ṣoṣo ló la ẹnu béèrè ohun tó wà nínú wọn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é tí mo fi máa lọ sílé?"

Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n wá tú u fún mi. Ilé ń pè wọ́n. Wọ́n ní adìyẹ, wọ́n ní oko gbágùúdá lẹ́yìn ilé, wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń jẹun alẹ́ láti ọjọ́ tí ọkọ àwọn méjèèjì ti kú, ara ọ̀rẹ́ náà kò sì yá. Láti ìgbà tí ọrùn ọmọ ti gbó ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ máa lọ. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá sọ ọ́, ìyàwó á kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì: ẹ má tíì lọ, Màmá, ta lẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀ fún. Wọ́n ní ta ló lè da ẹsẹ̀ kọjá lórí ọmọ tó kúnlẹ̀? Bí àwọn bá lọ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ yẹn, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ràn ìyàwó, àwọn ò fẹ́ràn ọmọ. Wọ́n á di ẹrù, wọ́n á tún tú u, títí okùn fi já. Wọ́n ní àwọn ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu ní kíṣìnì, bí àwọn ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dun ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró dè mí. Mo jáde, mo gbé dráyà kúrò lórí ìyàwó ọmọ, mo tẹnu bọ̀ ọ́ létí pé ṣé ó máa ń bẹ màmá kí wọ́n má lọ. Ó wò mí bí ẹni tí mo bi bóyá ó máa ń wẹ̀. Ó ní ṣé kóun wá sọ fún ìyá ọkọ òun pé kí wọ́n máa lọ ni? Ó ní ta ni kò ní bẹ̀ wọ́n? Mo dá dráyà padà sí i lórí.

Ẹ ò rí nǹkan. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa: àlejò ní òun ń lọ, o gbọ́dọ̀ dá a dúró, ó ní òun yó, o gbọ́dọ̀ bu kún un. Àlejò tó gbọ́n á sì mọ ìgbà tó yẹ kóun máa lọ bí wọ́n tilẹ̀ ń bẹ òun. Ṣùgbọ́n màmá yìí jẹ́ ẹni tí kì í ṣẹ́ ẹ̀bẹ̀, ìyàwó yìí náà sì mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀. Àjẹ́ tó kọ̀ tí kò lọ, ìyàwó ló ń fi orúnkún méjèèjì dì í mú.

N kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí mo bá sọ fún màmá pé ẹ̀bẹ̀ yẹn kò dénú, wọ́n á mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ìyàwó kò ti fẹ́ wọn níbẹ̀. Bí mo bá sọ fún ìyàwó pé màmá fẹ́ lọ, ó máa rò pé wọ́n wá fẹjọ́ òun sùn ni. Mo padà sídìí tábìlì, mo to káàdì bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tò, mo wá ké sí ìyàwó kó wọlé, orí rẹ̀ ṣì ń gbóná.

Mo fi Obìnrin Onídà lé màmá lọ́wọ́. Mo yíjú sí ìyàwó, mo ní ojú rẹ̀ dá a mọ̀, pé màmá ni lóòótọ́. Ó mí kanlẹ̀. Mo ní ṣùgbọ́n kó wo idà yẹn dáadáa, ta ni wọ́n ń yọ ọ́ sí? Ìta ni wọ́n kọjú sí. Idà yẹn ló ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bí i. Mo wá ṣí káàdì kejì, ẹnì kan gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń lọ sí ìrìn àjò, ajá ń sáré tẹ̀ lé e. Mo ní ìṣọ́ ti ibí ti parí, ìlú wọn ni iṣẹ́ wọn kù sí báyìí, kí ọjọ́ Saturday má bá wọn ní Pọtakọ́tù. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀bùn àti ẹ̀rín sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Mo wá gbé ohùn mi wálẹ̀, mo ní káàdì yìí kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n dúró, òun ló ń dínà ìgbéga ọkọ rẹ̀.

Ìyàwó ní òun gbọ́. Màmá wò mí, ojú wọn mú, mo sì rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ó bá ti jẹ́ pé káàdì ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ni àwọn?

Lọ́jọ́ Friday, èmi àti onírun lọ sí ilé wọn láti lọ wò ó kó má bàa yingin. Ọkọ̀ ti dúró. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù, ọmọ wọn, ti kó ìṣáwùrú, ẹja gbígbẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí búùtù, ó ń rìn káàkiri bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ òkè mọ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ àjẹ́. Màmá fi ẹnu ko ọmọ jòjòló lórí, wọ́n gbé e fún baba rẹ̀. Ìyàwó dúró gbọnrangandan gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí, ó di ẹnu rẹ̀ pa. Màmá ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ nígbà tí ọmọbìnrin náà wó lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú iyanrìn.

Ó ní, "Ẹ má lọ mọ́, Màmá."

Onírun já mi léèékánná lápá. Mo ti la ẹnu láti pe káàdì sí i létí. Ìgbà náà ni mo wá rí ojú rẹ̀. Omijé ń bọ́, ikun ń yọ nímú, ó ti gbàgbé ìgbéga ọkọ rẹ̀, ó ti gbàgbé èmi pàápàá, ó di etí ìró màmá mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ sílé ìwé. Màmá dúró, wọ́n ń wò ó. Mo rò pé ó parí, wọ́n á ní kí dírẹ́bà já ẹrù sílẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fà á dìde, wọ́n fi etí ìró náà nu ojú àti imú rẹ̀.

"Irú ẹ̀bẹ̀ yìí ni mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti dé," wọ́n ní. "Mo lè wá máa lọ báyìí."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn.